Ọmọ ti ń sáré, kò tíì fọhùn: kí la máa kọ́kọ́ wò?

Alága Ojúlé

Ẹ kú ojúmọ́, gbogbo ilé. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ìbéèrè yìí má wọlé: ọmọ ti pé ọdún kan àbọ̀, ó ń sáré, ó ń gun àga, ó ń jẹ iyán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "mámá" àti "gbà" lọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé "fi sílẹ̀, ọkùnrin ni, á sọ ọ́." Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ á padà sọ ọ́. Àmọ́ ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa wà láàárín wọn, "fi sílẹ̀" yìí ló sì ń jẹ́ kí irú wọn dàgbà wọ iléèwé kí ẹnikẹ́ni tó yẹ etí wọn wò.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ọmọdé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ohun tí òbí lè wò àti ohun tí ó lè ṣe síbí, ká lè máa darí àwọn tó bá béèrè wá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe tààrà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ ṣeun, Alága. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ gbà ni pé ẹnu ló ń kẹ́yìn. Kí ọmọ tó sọ "omi," ó ti gbọ́ "omi" láìmọye ìgbà, ó ti mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń nawọ́ sí ife. Nítorí náà, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ la máa wò, lẹ́yìn náà òye rẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀.

Láti nǹkan bí oṣù 6, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìró pọ̀: ba-ba-ba, da-da, ma-ma. Bí oṣù 10 bá pé tí ohùn rẹ̀ kò ju "aaa" àti "ooo" lọ, etí ni kí ẹ fura sí. Ní oṣù 9, ó yẹ kó máa yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀. Bó bá pé ọdún kan, ó ń juwọ́ fún ẹni tó ń lọ, "má ṣe é" sì ń dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ péré. Láàárín oṣù 12 sí 18 ni ìka ìfábẹ̀lá yóò jáde: ó nàka sí ohun tó fẹ́, ó tún nàka sí ohun tó kàn dùn mọ́ ọn nínú, bí ẹyẹ tàbí ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn náà ó bojú wò yín bóyá ẹ rí i. Ìnàka kejì yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tó ń ṣe é ti mọ̀ pé èèyàn lè jọ wo nǹkan pọ̀, orí ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ ń jókòó lé.

Ní ti ọ̀rọ̀ gan-an, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tún àkọsílẹ̀ wọn lórí ìdàgbàsókè ọmọ ṣe ní 2022. Ohun tí wọ́n kọ sí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ó kéré tán ọmọ 75 nínú 100 ti ń ṣe nígbà náà. Ní oṣù 18, ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí orúkọ bàbá àti ìyá. Ní ọdún 2, ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ní ọdún 2 àbọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 50. Ní ọdún 3, àlejò ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Ìlà ìkìlọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n ṣe: ọmọ tí kò bá tíì dé ibẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko.

Bí a ṣe ń yẹ òye wò nílé nìyí. Ẹ jókòó, kí ọwọ́ yín wà lórí itan yín. Ẹ má wo bàtà, ẹ má fi àgbọ̀n júwe. Ẹ wá sọ pé, "Lọ gbé bàtà rẹ wá." Òbí púpọ̀ ló ń sọ pé ọmọ àwọn ń gbọ́ gbogbo nǹkan, àmọ́ ojú wọn ti lọ síbi bàtà kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ojú yẹn ni ọmọ ń tẹ̀ lé. Ọmọ oṣù 18 yẹ kó lè jẹ́ iṣẹ́ ẹyọ kan báyìí láìsí ìjúwe. Ọmọ ọdún 2 tó ń jẹ́ iṣẹ́, tó ń nàka, tó ń fa aṣọ yín pé kí ẹ wá wo nǹkan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, ìrètí tirẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti ọmọ tí kò tíì lóye ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n lọ yẹ etí wọn wò.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, àtẹ̀yin tí ọmọ yín kò pé oṣù kí ẹ tó bí i: ọ̀sẹ̀ tó kù ni kí ẹ yọ kúrò. Bí ẹ bá bí wọn ní ọ̀sẹ̀ 34, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 6 kúrò nínú ọjọ́ orí wọn títí wọ́n á fi pé ọdún 2. Ìbejì tún máa ń pẹ́ díẹ̀ nítorí ẹni méjì ló ń pín ọ̀rọ̀ tí ìyá kan ní láti sọ. Ẹ wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó jẹ́ pé Táyé nìkan ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí Kẹ́hìndé náà sì ní tirẹ̀.

Àyẹ̀wò Etí

Nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí etí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

"Ó ń gbọ́, torí bí ilẹ̀kùn bá dún gbàù, ó máa ń ta gìrì." Ilẹ̀kùn, ìlù, jẹnẹrétọ̀, ohùn wọn nípọn, wọ́n sì ń mi ilẹ̀. Ọmọ lè gbọ́ gbogbo ìyẹn kó má gbọ́ "s," "ṣ" àti "f," torí ohùn tiwọn tín-ín-rín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa jó sí orin, á sì máa pe "ẹsẹ̀" ní "ẹ-ẹ̀," wọ́n á ní ahọ́n rẹ̀ ló wúwo. Pípàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí, atẹ́gùn ọwọ́ yín á kàn án lọ́rùn. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan, níbi tí òjìji yín kò ti ní hàn án, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́. Ẹ ṣe é lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Bí kò bá dáhùn, ẹ má ṣe dúró mọ́. Bó bá dáhùn, ẹ ṣì gbé e lọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti pẹ́, nítorí etí tó ń gbọ́ ìdajì máa ń dáhùn orúkọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de ọdún kan àbọ̀ rárá: ọmọ tí kò sunkún nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tí yírùnyírùn (meningitis) ti mú rí, ọmọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gentamicin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) tọ́jú fún ọjọ́ púpọ̀, ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ní ẹni tí kò gbọ́ràn láti kékeré, ọmọ tí etí rẹ̀ ń tú ọyún ní gbogbo ìgbà. Àti ọmọ tí ibà pọ́njú (jaundice) mú gan-an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibà pọ́njú yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó ń pọ́n ojú ọmọ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́. Bó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ, á sì ba iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn ọmọ wa púpọ̀, pàápàá ọkùnrin, kò ní èròjà G6PD (èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kánfọ̀ tí a ń jù sínú àpótí aṣọ sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ má sì fi aṣọ tó ti wà nínú kánfọ̀ wọ̀ ọ́. Bí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ mélòó kan bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni, oòrùn àárọ̀ kò tó.

Ó kan àyẹ̀wò náà. Oríṣi méjì ló wà, ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn kí ẹ lè béèrè. OAE ni ti àkọ́kọ́: wọ́n á ti ohun kékeré kan bọ ihò etí, ẹ̀rọ á rán ìró wọlé, á sì gbọ́ ìró tí etí inú dá padà. Kò ní dunni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èkejì ni ABR: wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí nígbà tí ọmọ ń sùn, ẹ̀rọ á wò bóyá ìró dé ọpọlọ lóòótọ́. Ọmọ tí ibà pọ́njú ti bá iṣan rẹ̀ jà lè yege nínú OAE, torí etí inú rẹ̀ kò ní nǹkan, kó sì jẹ́ pé ìró kò dé ọpọlọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní ìtàn ibà pọ́njú tó le, tí wọ́n ní "ó yege," ẹ béèrè pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ṣe. Ẹ bèèrè fún ABR.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù tiẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ: omi tó gbá jọ sẹ́yìn ìlù etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ọmọ á máa gbọ́ràn bí ẹni tó ti ìka bọ etí. Lónìí á dáhùn, lọ́la kò ní dáhùn, wọ́n á pè é ní olóríkunkun. Omi yìí sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 3. Bí kò bá gbẹ, dókítà etí ló máa sọ ohun tó kàn. Ẹ má da òróró gbígbóná sí etí, ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi olówùú ro ó. Ṣe ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí lọ sínú, wọ́n sì lè lu ìlù etí.

Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, kí ẹ má bínú, ohun kan ni mo fẹ́ fi kún tiyín. Iye tí ẹ kọ dára, àmọ́ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, òbí Yorùbá sì máa ń kà á ní àkàdínkù.

Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni ìró tí ọmọ ń lò fún nǹkan kan náà nígbà gbogbo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Kò pọn dandan kó pé kó tó kà. "Mi" fún omi, ọ̀rọ̀ ni. "Bọ́ọ̀" fún bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ni. "Mẹ̀ẹ̀" fún ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé yín lẹ́nu kò kà, bẹ́ẹ̀ ni kíka 1 dé 10 pẹ̀lú fídíò kò kà. "Ó tán," "jẹ́ ká lọ," "gbé mi" máa ń kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ, ó gbọ́ ọ lódindi ni. Ìgbà tí "gbé" bá tún jáde nínú "gbé bọ́ọ̀," tí "mi" sì jáde nínú "bàtà mi," ìgbà yẹn la mọ̀ pé ó ti já a sí méjì.

Ẹ fetí sí ohùn ju kọ́ńsónáǹtì lọ. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ máa ń tọ́ lẹ́nu ọmọ wa kí "gb" àti "r" tó tọ́. Ẹ wo ọmọ tó ń fi "y" rọ́pò "l": "ilá" á di "iyá" lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ kò bá fetí sílẹ̀, ẹ ó rò pé ìyá rẹ̀ ló ń pè. Àmọ́ "ìyá" tí ó bá pè á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, "iyá" ti ilá á bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ọ̀rọ̀ méjì ló sọ yẹn, òbí tó kà á sí ọ̀kan ti ṣì í kà. Bákan náà ni "àbàdo" fún àgbàdo: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, àárín, ó pé pérépéré. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń lọ báyìí, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an.

"Gb" àti "p" ń pẹ́ nítorí ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pa dé kí wọ́n sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ "gbàgbé" níwájú dígí, ẹ ó rí i. "R" náà ń pẹ́, "ìyẹsì" fún ìrẹsì kì í ṣe àìsàn lọ́mọ ọdún 3. Bí àgbàlagbà ilé bá ń pe "ṣ" ní "s," gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ṣe ń ṣe, ọmọ tó sọ "asọ" kò ṣàṣìṣe, ohun tó gbọ́ ló sọ. Ìwọ̀n tí a fi ń wò ó ni bí ẹni tí kì í bá a gbé ṣe ń gbọ́ ọ sí: nǹkan bí ìdajì ní ọdún 2, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní ọdún 3, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ní ọdún 4.

Ní ti gírámà, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọmọ wò máa ń wá "s" tó ń tọ́ka sí púpọ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe. Èdè wa kò ní wọn. Ohun tí ẹ máa wá ni "dà" (Bọ́ọ̀lù dà?), "ò" nínú "mi ò jẹ," "ń" nínú "ó ń sùn," "mi" àti "rẹ," àti bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń tẹ̀ léra: "gbé e wá," "mú un lọ." Ọmọ ọdún 3 tó ń sọ "gbé bàtà mi wá" ti ṣe iṣẹ́ gírámà tó pọ̀.

Alága Ojúlé

Mo dúpẹ́. Ó wá kù bí a ṣe ń ṣe é nílé. Olùkọ́, ẹ wá bá wa dá sí i. Òbí púpọ̀ ń jókòó ti ọmọ pẹ̀lú ìwé àwòrán, wọ́n ń béèrè "Kí nìyí? Kí nìyí?" títí ọmọ fi ń sá.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìdánwò ni ìyẹn, Alága, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ kò lè yege nínú rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Fún ìbéèrè kan, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò nílò ìdáhùn.

Ẹ lo àkókò tó ti wà tẹ́lẹ̀: ìwẹ̀, oúnjẹ, wíwọ aṣọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ mímu. Ẹ jókòó kí ojú yín bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ bu ṣíbí kan fún un, ẹ ní "Ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ dùn." Ẹ bu èkejì, ẹ gbé e dúró ní agbedeméjì, ẹ wò ó lójú, ẹ dákẹ́. Ẹ ka 1 dé 10 nínú ọkàn. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yìí ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni àgbà ti ń kùnà, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì a ti bá ọmọ sọ ọ́. Bó bá nawọ́, tó bá ṣe "ẹ́," tó bá bojú wò yín, ìdáhùn ni. Ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ: "Fún mi. Fún mi ní ẹ̀kọ." Ẹ má fi oúnjẹ há a mọ́wọ́ pé àfi kó sọ ọ́. Ẹkún ló máa kọ́ níbẹ̀.

Bó bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀kan sí i. Ó ní "bọ́ọ̀," ẹ ní "gbá bọ́ọ̀lù." Ó ní "dádì lọ," ẹ ní "dádì lọ síbi iṣẹ́." Bó bá pè é gọ́tagọ̀ta, ẹ pè é dáadáa padà, ẹ má ní "má pè é bẹ́ẹ̀." Ẹ fún un ní yíyàn pẹ̀lú ohun méjèèjì lọ́wọ́: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àbí ọsàn?" Èyí dára ju "Ṣé o fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀?" tí mímì orí tó láti dáhùn.

A ní ohun èlò tiwa tí a ń gbàgbé. Kíkí ni àkọ́kọ́. Láràárọ̀ ni ọmọ ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, àkókò kan náà, ìṣesí ara kan náà. Ẹ sọ "Ẹ káà...," ẹ dúró kó parí rẹ̀. Oríkì ni èkejì: ẹ pe Àkànní tàbí Àdùkẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pa á lára, ohùn tó ń lọ sókè sódò yẹn dùn létí ọmọ, ó sì ń wo ojú ẹni tó ń kì í. Eré bojúbojú ni ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ bojú, kí ẹ má ṣí i. Ẹ dúró dè é.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú ọkàn tó pé sàn ju wákàtí kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lọ. Lórí fóònù fúnra rẹ̀: ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọdún 2 sí 4 má kọjá wákàtí kan lóòjọ́. Fídíò kì í dúró de ìdáhùn ọmọ, ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Bíbá màmá àgbà sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù yàtọ̀, èèyàn ń dá ọmọ lóhùn níbẹ̀.

Ìyá Ìlú Ọba

Ẹ ṣé gan-an, Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ àwa tí a wà lókè òkun ni pé bí ọmọ bá ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní ká fi Yorùbá sílẹ̀, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kò tọ̀nà. Èdè méjì kì í fa ìdádúró ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ní ìṣòro á fi í hàn nínú èdè méjèèjì, bí ẹ bá sì yọ ọ̀kan, ìṣòro náà á kù síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán máa fi èdè tó fún un lẹ́nu bá ọmọ sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ á kúrú, oríkì á lọ, àwàdà á lọ. Èdè tí ẹ fi ń bínú, tí ẹ fi ń gbàdúrà, ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀, ẹ ka méjèèjì pọ̀. "Omi" ti Yorùbá, "shoe" ti Gẹ̀ẹ́sì, méjì nìyẹn. Bó bá ní "gbé teddy," ọ̀rọ̀ méjì tó so pọ̀ ni, kò dà á rú.

Ní England, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò etí ọmọ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 àkọ́kọ́, health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọmọ wẹ́wẹ́ ládùúgbò) sì máa ń yẹ ọmọ wò láàárín ọdún 2 sí 2 àbọ̀ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ohun tí ọmọ ń ṣe ní Yorùbá ni kí ẹ fi dáhùn ìwé yẹn pẹ̀lú. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò tí wọ́n ń pè ní Early Intervention, tó ń ran ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń pẹ́ lọ́wọ́, wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Òbí lè pè wọ́n fúnra rẹ̀ láìdúró de dókítà, àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ọjọ́ 45 sì ni òfin fún wọn láti yẹ ọmọ wò kí wọ́n sì ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Bó bá ti pé ọdún 3, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ iléèwé ìjọba àdúgbò ni ẹ ó lọ. Ẹ má jẹ́ kó pé 3 kí ẹ tó pè.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́

Kí n tó gbàgbé, nítorí ó ń dùn mí: ẹ má gbé ọmọ lọ fún ẹni tí yóò gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀, tàbí ahọ́n kékeré tó wà nínú ọ̀fun, nítorí pé kò sọ̀rọ̀. Awọ abẹ́ ahọ́n tó kúrú lè dí ọmú mímu lọ́wọ́, ó sì lè kan ìró díẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti ní ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ so ṣì lè sọ "mámá," "bàbá," "omi," ètè ló ń pe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ àti ipá ni abẹ ìta lè fà. Gbẹ́rẹ́ orí ahọ́n náà ń kó àrùn ni.

Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Mo fara mọ́ ọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn àmì tí a kì í dúró lé lórí. Ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́: ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ rí dókítà. Ọmọ oṣù 12 tí kì í dáhùn orúkọ tí etí rẹ̀ sì dára. Ọmọ oṣù 18 tí kì í nàka, tó jẹ́ pé ó ń di ọwọ́ yín mú bí ìgbà tó mú igi, á gbé e lé ìlẹ̀kùn láìwo ojú yín. Ọmọ tó ń ka ábídí láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè bèèrè omi. Ìwọ̀nyí lè jẹ́ ti ọ́tísìmù (autism), ìyẹn ìdàgbàsókè ọpọlọ tó yàtọ̀, tó ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀ ṣòro fún ọmọ. Ìwé ìbéèrè M-CHAT-R wà fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ìbéèrè 20 ni, ọ̀fẹ́ ni. Kò lè sọ pé ọmọ ní i, ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò síwájú sí i. Ẹ má pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀mí èṣù, ẹ má fi àwẹ̀ gba ọdún rẹ̀ lọ. Àdúrà àti àyẹ̀wò lè jọ lọ.

Kíkólòlò láàárín ọdún 2 sí 5 wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má ní "sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́," ẹ má bá a parí rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bó bá ju oṣù 6 lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ń fún tí ọrùn rẹ̀ ń le nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ.

Àwọn tó ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ láìsí ìdí kan tó hàn tó bí ọmọ 10 sí 15 nínú 100 ní ọdún 2. Ọ̀pọ̀ ń bá ẹgbẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọmọ kan kó sọ pé ọmọ náà yóò wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ohun tí Olùkọ́ kọ lónìí, kí ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́wọ́ kan náà.

Àyẹ̀wò Etí

Nílé, ní Nàìjíríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kí wọ́n fún yín ní ìwé sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́. UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti UITH Ìlọrin ní ẹ̀ka náà. Àwọn speech therapist, ìyẹn onímọ̀ tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, nítorí náà ẹ tètè gba ọjọ́, ẹ má sì jókòó lásán títí ọjọ́ á fi pé.

Ohun tí ẹ máa mú dání: káàdì ìbí ọmọ àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, orúkọ oògùn tí wọ́n fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àti ìwé tí ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bó ṣe ń pè é, pẹ̀lú ohun tó fi ń jẹ́: "mi" omi, "bọ́ọ̀" bọ́ọ̀lù. Ẹ fi fóònù ya á ní ìṣẹ́jú méjì nígbà tó ń ṣeré nílé, ọ̀kan pẹ̀lú yín, ọ̀kan pẹ̀lú ọmọdé mìíràn, torí ọmọ púpọ̀ ni kì í la ẹnu níwájú dókítà. Bó bá jẹ́ ABR ni wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n á fún un ní oògùn oorun. Bí wọn kò bá ní fún un, ẹ jí i ní kùtùkùtù, ẹ má jẹ́ kó sùn nínú ọkọ̀, ẹ fi ọmú tàbí oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, kó lè jẹun tán kó sì sùn lọ́wọ́ yín.